Ẹ Tètè Fọ Abẹ́ Ọkọ̀

Bí mo bá gbóòórùn ọ̀dà gbígbóná níbi tí wọ́n ti ń ṣe ojú títì, ẹ̀rín ló máa ń pa mí, àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi á sì máa wò mí bí ẹni tí orí rẹ̀ fẹ́ dàrú. Wọn ò mọ ohun tí imú mi mọ̀. Òórùn yẹn ló máa ń gbé mi padà sí etí ọ̀sà ní Bàrígà, sí ọdún tí ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin fi mọ́tò ránṣẹ́ sí wa láti ìlú oníyìnyín tó ń gbé, tí èmi náà sì di òpùrọ́ láìpurọ́.

Apẹja ni bàbá mi. Láti etíkun Oǹdó ni wọ́n ti wá sí Bàrígà nígbà tí wọ́n ṣì wà lọ́dọ̀ọ́, etí omi níbẹ̀ ni wọ́n sì bí èmi àti ẹ̀gbọ́n mi sí. Kí n tó lọ jìnnà, bàbá mi nìkan ni mo fi "wọ́n" fún nínú ìtàn yìí. Ẹ̀gbọ́n mi yóò gba "ó" lọ́wọ́ mi kí ọ̀rọ̀ má bàa dàrú mọ́ òǹkàwé lójú. Bí inú bá bí i, kó wọ bàálù kó wá bá mi. Ẹ má rò pé àwàdà lásán ni mò ń ṣe o. Ọ̀rọ̀ "ẹ" àti "o" yìí gan-an ló dá wàhálà sílẹ̀ nílé wa.

Bàbá kan ọkọ̀ kan kí ẹ̀gbọ́n mi tó lọ sókè òkun, ọkọ̀ tó fẹ̀ tó kí ẹni méjì máa fa àwọ̀n nínú rẹ̀, gbogbo ará etí omi ló sì mọ ẹni kejì tí wọ́n ń kàn án dè. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n mi ti gboyè jáde, ojú rẹ̀ sì ti kúrò lójú omi, ọkàn rẹ̀ ti wà lókè òkun. Lọ́jọ́ tí wọ́n ní kó wá wọ ọkọ̀ náà kí àwọn jọ dán an wò, níṣojú àwọn apẹja ẹlẹgbẹ́ wọn, inú bí ọmọkùnrin náà, ó sì jágbe pé, "Ìwọ lo fẹ́ràn omi, èmi kọ́!" Ìwọ! Sí bàbá tó bí i! Àwọn àgbà ní ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Bàbá ò nà án, wọn ò sì gbé e ṣépè. Wọ́n kàn wọ inú ọkọ̀ tuntun náà láwọn nìkan, wọ́n wà á lọ.

Ẹ̀gbọ́n mi bẹ̀bẹ̀ títí. Ó rán àwọn àgbà ìjọ, ó rán ìyá wa kí ìyá wa tó ṣaláìsí, ó sì rán èmi. Ohun tí bàbá máa ń sọ ni pé àwọn ti dárí jì í tipẹ́. Ṣùgbọ́n bó bá pè láti òkè òkun, tí mo bá na fóònù sí wọn, wọ́n á mi orí, wọ́n á ní, "Bá mi kí i." Bá mi kí i, bá mi kí i, fún ọ̀pọ̀ ọdún! Mo bá wọn kí i títí ẹnu fi ń ro mí. Lẹ́yìn tí ìyá wa lọ, tí bàbá wá ń dá gbé, ẹ̀rù bẹ̀rẹ̀ sí í bà mí. Ohun kan tí mò ń tọrọ lọ́wọ́ Ọlọ́run ni kí n gbọ́ ohùn àwọn méjèèjì lórí fóònù kan náà kí ọlọ́jọ́ tó dé.

Báyìí ni ẹ̀gbọ́n mi ra mọ́tò mìíràn, ó sì fi ògbólógbòó tó ti ń gùn sínú kọ̀ńténà, ó ní kí n máa fi gbé bàbá káàkiri. Olùkọ́ ni mí nígbà náà nílé ìwé kékeré kan ní Abúlé Òkúta, ọkọ mi sì ń tẹ kàlẹ́ńdà àti ìwé ètò ìsìnkú nílé ìtẹ̀wé kan ní Ṣómólú. Àwa wo ni mọ́tò wo? Nígbà tó dé, ó ń dán bí ojú ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi òróró pa. Mo máa ń rọra wà á gba iwájú ṣọ́ọ̀bù gbogbo àwọn tó mọ̀ mí, gíláàsì á wà nílẹ̀, èmi á sì máa kí àwọn tí n kì í kí tẹ́lẹ̀. Bàbá nìkan ni kò yà lẹ́nu. Wọ́n wò ó lẹ́ẹ̀kan, wọ́n ní, "Mọ́tò náà dáa," wọ́n sì bá tiwọn lọ. Ìgbàkígbà tí mo bá ní kí wọ́n wọlé kí n gbé wọn dé ṣọ́ọ̀ṣì, èsì wọn ni pé ẹsẹ̀ àwọn ò tíì rọ.

Ohun kan wà lára àwọn tó bá ti pẹ́ lókè òkun: Yorùbá wọn máa ń le ju tàwa tó wà nílé lọ. Àwa níbí, mọ́tò la ń pè é, fóònù la ń pè é, ayé ò sì bàjẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi ò jẹ́ gbà. Ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀ ni fóònù tirẹ̀, ẹ̀rọ amómitutù ni fíríìjì, bí ẹ bá sì pe mọ́tò ní mọ́tò létí rẹ̀, á ní Yorùbá ti ń kú lọ. Ọkọ̀ ló ń pè é. Ó kàn jẹ́ pé fóònù tó ń fi gbèjà Yorùbá ò ní àmì ohùn lórí. Ìyẹn ló fi tẹ iṣẹ́ kan ránṣẹ́ sí mi ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, mo sì kọ ọ́ síbí bó ṣe wà gẹ́lẹ́:

"Aburo mi, e tete fo abe oko. Iyo ti n je e labe. E gbe e soke, e fi omi to mo fo o daadaa, e je ko gbe, ki e wa fi oda kun un. Ti e ba fi fale, ko ni pe ti yoo fi maa jo."

Ọkọ mi ló kọ́kọ́ kà á. Ó wọ ilé ìdáná wá bá mi, ó fi ọwọ́ kan di fóònù mú, ó fi èkejì di ìró ìdí rẹ̀ mú ṣinṣin.

"Kí ni mo fi ṣe ẹ̀gbọ́n ẹ?" ló wí.

Mo gbà á, mo kà á, orógùn bọ́ lọ́wọ́ mi. Ẹ má bínú, bí òun ṣe kà á lèmi náà ṣe kà á. Nílé wa, ọ̀kan ṣoṣo péré ni ọkọ, òun náà sì ló dúró níwájú mi yẹn, tó ń làágùn. Ó ní òun lè fara mọ́ omi, òun sì lè fara mọ́ kí wọ́n jẹ́ kó gbẹ, ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ fi ọ̀dà kun òun? A rẹ́rìn-ín títí ọbẹ̀ fi jóná. Nígbà tí a pe ẹ̀gbọ́n mi láti bèèrè ẹ̀ṣẹ̀ tí àna rẹ̀ ṣẹ̀ ẹ́, ó kọ́kọ́ bú wa pé a ti gbàgbé èdè abínibí wa, kó tó là á yé wa. Ó ní lọ́dọ̀ àwọn, bí yìnyín bá bo títì, iyọ̀ ni ìjọba máa ń dà sórí rẹ̀ kó lè yọ́. Bí táyà bá ti ń yí, á máa ta iyọ̀ oníyìnyín yẹn sábẹ́ mọ́tò, ibẹ̀ ló sì máa lẹ̀ mọ́ tí á máa jẹ irin díẹ̀díẹ̀. Ẹni tó bá gbọ́n á máa fọ abẹ́ ọkọ̀ rẹ̀ déédéé nígbà òtútù, á sì ti fi ọ̀dà bò ó kí òtútù tó dé. Ó lóun ṣe é lọ́dún méloòó kan, òun wá ṣọ̀lẹ. Mo nà gbalaja sílẹ̀ mo yọjú wo abẹ́ mọ́tò tí mo fi ń ṣe fáàrí káàkiri àdúgbò. Ìpẹtà ti ń bó lára rẹ̀ bí èèpo ẹ̀pà. Iyọ̀ tí à ń fi sọ ọmọ lórúkọ kí ayé rẹ̀ lè dùn! Mo ní háà, ìlú tí wọ́n ti ń da àdúrà sílẹ̀ fún táyà tẹ̀ mọ́lẹ̀ rèé.

Lọ́jọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, mo lọ sọ́dọ̀ bàbá bí mo ṣe máa ń ṣe. Mo ní ọgbọ́n kan tí mò ń dá nígbà náà: bí a bá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, n ó ṣí ibi tí èmi àti ẹ̀gbọ́n mi ti ń tẹ iṣẹ́ síra wa, n ó gbé fóònù lé wọn lọ́wọ́ kí wọ́n lè wo fọ́tò àwọn ọmọ rẹ̀. Wọ́n kì í kọ ìyẹn. Wọ́n á wò ó títí, wọ́n á ní ọ̀kan jọ ìyá wa, wọ́n á sì dá fóònù padà. Mo gbé e lé wọn lọ́wọ́ lọ́jọ́ náà, mo bá lọ ro ẹ̀bà. Ohun tí mo gbàgbé ni pé bàbá mi ló ń ka Bíbélì fún ìjọ. Kò sí ohun tí wọ́n kọ ní Yorùbá tí wọn kì í kà, àní kó jẹ́ ara páálí oògùn.

Nígbà tí mo padà wọlé, wọ́n ti bọ́ awò ojú wọn, wọ́n ń fi etí aṣọ nù ún, ojú wọn sì ti pọ́n.

"Ó rántí ọkọ̀ mi," ni wọ́n wí.

Ó ṣe díẹ̀ kó tó yé mi. Lẹ́nu bàbá mi, mọ́tò ń jẹ́ mọ́tò. Ohun kan ṣoṣo ló ń jẹ́ ọkọ̀, ó sì wà létí omi, wọ́n so ó mọ́ òpó. Wọ́n ní iyọ̀ kì í jẹ pákó lóòótọ́, àmọ́ ó ń jẹ ìṣó, bí ìṣó abẹ́ ọkọ̀ bá sì ti jẹrà, ọkọ̀ á máa jò. Wọ́n ní nígbà tí ọ̀sà bá gba omi òkun lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn, bó ṣe máa ń rí nìyẹn. Ta ló kọ́ ọ? Ṣé kì í ṣe àwọn ni? Ọmọ tí àwọn rò pé kò gbọ́ nǹkan kan nígbà náà, gbogbo ẹ̀ ló gbọ́. Ní ti "àbúrò mi" tó wà níbẹ̀rẹ̀, wọ́n ní ojú ló ń ti í, ló ṣe gba ọ̀dọ̀ mi rán an. Wọ́n wá fi ìka tọ́ ọ̀rọ̀ náà lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń ka ẹ̀kọ́ kíkà níwájú ìjọ.

"Ẹ fọ̀ ọ́. Ẹ gbé e sókè. Ẹ jẹ́ kó gbẹ. Ṣé o rí i pé 'ẹ' ló fi ń bá mi sọ̀rọ̀? Kò sí 'o' kankan níbẹ̀."

Èmi àti ọkọ mi ni "ẹ" yẹn ń bá wí, nítorí pé a pé méjì. Mo la ẹnu láti sọ ọ́. Àwọn àgbà ní ojú lọ̀rọ̀ wà, mo wo ojú bàbá mi, mo sì pa ẹnu náà dé. Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, bàbá." Ìyẹn nìkan ni mo sọ. Láti ìgbà yẹn lọ, mo wá ní ìṣòro méjì: tẹ́lẹ̀ mò ń bẹ̀rù pé wọn ò ní sọ̀rọ̀, nísinsìnyí mò ń bẹ̀rù ohun tí wọ́n máa sọ bí wọ́n bá sọ̀rọ̀. Bí bàbá bá gbọ́ pé mọ́tò ni ọmọ wọn ń ronú nípa rẹ̀, kì í ṣe ọkọ̀ wọn, a ò ní bọ́ nínú ẹ̀ mọ́ láéláé.

Wọ́n dojú ọkọ̀ dé létí omi lọ́sẹ̀ yẹn. Wọ́n fọ̀ ọ́, wọ́n ha á, wọ́n sá a sóòrùn, wọ́n sì gbé ìkòkò ọ̀dà kaná. Òórùn náà gba gbogbo àdúgbò. Gbogbo apẹja tó bá kọjá ló gbọ́ ọ: "Ọmọ mi tó wà lókè òkun ló ní kí n tètè fọ abẹ́ ọkọ̀." Mo ti kìlọ̀ fún ọkọ mi pé kó má dán an wò kó rẹ́rìn-ín. Ó dúró níbẹ̀ tòun ti búrọ́ọ̀ṣì ọ̀dà lọ́wọ́, bí wọ́n bá sì ti dárúkọ abẹ́ ọkọ̀, á yíjú sí omi, èjìká rẹ̀ á máa gbọ̀n. Bàbá rò pé ẹkún ló ń sun. Wọ́n ní èèyàn dáadáa ni mo fẹ́.

Ọ̀dà ṣẹ́ kù sínú ìkòkò. Bàbá wò ó, wọ́n wá bi mí bí ẹni tí kò ka ọ̀rọ̀ náà sí pé, "Mọ́tò yín yẹn náà dà? Ibi tó ti ń bọ̀ yẹn, ṣé kò ní sí iyọ̀ lábẹ́ tòun náà?" Ó kù díẹ̀ kí n kúnlẹ̀. Mo ní ó lè wà níbẹ̀ o, bàbá.

A gbé e lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì kan lápá Palmgrove. Ó fi jáàkì gbé e sókè, ó fi omi fọ gbogbo abẹ́ rẹ̀, ó fi búrọ́ọ̀ṣì onírin ha ìpẹtà kúrò títí irin funfun fi yọjú, a sì jẹ́ kó gbẹ. Dé ibẹ̀ yẹn, kò sí àṣìṣe. Àmọ́ mẹkáníìkì lọ jẹun, bàbá sì wọ abẹ́ mọ́tò pẹ̀lú ọ̀dà, wọ́n tún mú òwú dání, irú èyí tí àwọn apẹja fi máa ń dí ojú ibi tí omi lè gbà wọ ọkọ̀. Ọkọ mi lóun rí àwọn ihò róbótó kan lábẹ́ ilẹ̀kùn tí wọ́n ń dí. Ó wò títí, kò lè mú un mọ́ra.

"Bàbá, ó dà bíi pé wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ dá àwọn ihò yẹn síbẹ̀ ni."

Bàbá yọ orí jáde lábẹ́ mọ́tò, ọ̀dà wà ní irùngbọ̀n wọn. "Ta ló ń mọ̀ọ́mọ̀ dá ihò sábẹ́ ọkọ̀?"

Èmi ò tilẹ̀ ronú nípa ihò kankan. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n pe mọ́tò náà ni mo gbọ́. Ọkọ̀ ni wọ́n pè é! Lọ́jọ́ náà, fún ìgbà àkọ́kọ́, bàbá mi jókòó síwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi títí dé Bàrígà, wọ́n ń na ọwọ́ sí ojú fèrèsé bí ẹni ń tọ́ omi wò.

Òjò rọ̀ lọ́sẹ̀ kejì, irú òjò tí Bàrígà máa ń gbà tí gọ́tà àti títì á di ọ̀kan náà. Nígbà tí mo wa mọ́tò jáde, mo ń gbọ́ ohùn kan bí ẹni ń mi garawa omi. Bí mo bá tẹ bíréèkì, á sáré lọ síwájú. Bí mo bá gbéra, á sáré padà sẹ́yìn. Mo ṣí ilẹ̀kùn nílé ìwé, omi dà lé mi lẹ́sẹ̀ wàà, gbogbo bàtà mi rin. Àwọn ọmọ kíláàsì mi tó dúró létí géètì fò sókè, wọ́n ń ké pé, "Àǹtí, mọ́tò yín ń tọ̀!" Inú mọ́tò tí mo fi ń yan láàárín àdúgbò, ẹja lè gbé níbẹ̀.

Mo gbé e tòun ti omi lọ sọ́dọ̀ bàbá kí wọ́n lè fojú ara wọn rí i. Mo dúró sójú títì níwájú ilé wọn, bàbá jáde wá, mo pe ẹ̀gbọ́n mi, mo ṣí ohùn fóònù síta nítorí pé ọwọ́ mi tutù. Mo sọ fún un pé òwú ti dí ihò abẹ́ ilẹ̀kùn. Ó ní irú ihò yẹn wà fún kí omi lè ṣàn jáde ni. Bí wọ́n bá dí i, omi á dúró sínú, irin á sì tibẹ̀ jẹrà kíákíá ju ti iyọ̀ lọ. Ó ní òmùgọ̀ wo ló dí i? Kí n tó fèsì, bàbá ti gba fóònù lọ́wọ́ mi.

"Èmi òmùgọ̀ náà ni. Ìwọ náà, irú ọkọ̀ wo lo fi ránṣẹ́ tó ní ihò lábẹ́?"

Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ láti ọdún gbọọrọ, ìjà ni! Mo gbọ́ tí ẹ̀gbọ́n mi mí kanlẹ̀ lọ́hùn-ún. Ó ní, "Bàbá?" Bàbá ò dúró. Wọ́n ní kó gbọ́, àwọn rí iṣẹ́ tó rán sí àwọn, inú àwọn sì dùn.

"Iṣẹ́ wo, bàbá?"

"Èyí tí o ní kí n tètè fọ abẹ́ ọkọ̀ mi."

Mo ń mi orí sí fóònù bí ẹni pé ó lè rí mi, mo ń ṣẹ́wọ́, mo ń bẹ Ọlọ́run. Ọlọ́gbọ́n Yorùbá tí kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣi ọ̀rọ̀ pè, tó máa ń tún mi ṣe láàárín gbólóhùn! Bó bá sọ pé mọ́tò lòun ń wí, ó parí.

"Ẹ ti fọ̀ ọ́?" ni ó bèèrè, ohùn rẹ̀ sì ti yí padà.

"Mo ti fọ̀ ọ́. Mo ti kùn ún."

"Ẹ ṣeun, bàbá. Ìṣó tí mo kàn wọ́ sídìí ọkọ̀ nígbà tí ẹ ń kàn án, tí ẹ ń kọ́ mi ńkọ́? Ṣé ẹ ti yọ ọ́, àbí ó ṣì wà níbẹ̀?"

Bàbá gbé ọwọ́ lé orí mọ́tò, omi sì ń kán lára ilẹ̀kùn sí wọn lẹ́sẹ̀. Wọ́n ní, "Ó wà níbẹ̀. N kò jẹ́ yọ ọ́." Mo bá bú sẹ́kún láàárín títì, àwọn tó ń kọjá sì rò pé mọ́tò tó bàjẹ́ ni mò ń sunkún lé lórí. Wọ́n ní kí n fara balẹ̀, pé mẹkáníìkì á tún un ṣe.

Mẹkáníìkì tún un ṣe lóòótọ́. Ó tú gbogbo òwú inú ihò náà kúrò, mo ṣì ń wa mọ́tò náà títí di òní, abẹ́ rẹ̀ sì dúdú fínrín bí abẹ́ ọkọ̀ apẹja. Bàbá àti ẹ̀gbọ́n mi máa ń pe ara wọn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ báyìí, wọn kì í tún gba ọ̀dọ̀ mi. Ìjà ló pọ̀ jù nínú ọ̀rọ̀ wọn, bàbá ò tíì gbà pé ó yẹ kí ihò wà lábẹ́ nǹkan tí èèyàn ń wọ̀ sínú. Ó ti ṣẹlẹ̀ rí tí mo pè wọ́n tí wọ́n ní kí n máa dúró, pé ẹ̀gbọ́n mi wà lórí fóònù kejì. Mo fara mọ́ ọn.

Ẹnikẹ́ni ò tíì sọ òótọ́ ọ̀rọ̀ iṣẹ́ yẹn fún wọn. Nígbà mìíràn mo máa ń rò ó wò pé orúkọ mi ló wà lókè rẹ̀, pé ẹni tó ń ka Bíbélì níwájú ìjọ lè mọ iṣẹ́ tí wọ́n rán sí i àti èyí tí wọn ò rán sí i. Bóyá wọ́n ṣì í kà lóòótọ́. Bóyá ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń wá ohun tí wọ́n lè ṣì kà. N kò bi wọ́n. Ní báyìí tí mo wá kọ ọ́ sílẹ̀, mo mọ̀ pé kò sí ìwé Yorùbá tí kì í dé ọwọ́ wọn, nítorí náà mo fi àmì sórí gbogbo ọ̀rọ̀ tó jẹ́ tèmi kí ẹnikẹ́ni má bàa ṣì í kà. Iṣẹ́ ẹ̀gbọ́n mi nìkan ni n kò fi àmì sí. Bí bàbá mi bá dé ibẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí wọ́n kà á bó ṣe wù wọ́n.